Ọ̀rẹ́ Méjì Níbi Àjọ̀dún Orin

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Òtítọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í fẹ́ rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń múra àtibá ọ̀rẹ́ wọn lọ sí òde ayọ̀. Wọn a dá aṣọ kan náà, wọn a di ẹrù wọn pọ̀ sínú àpò kan, wọn a sì búra pé àwọn kò ní fi ara àwọn sílẹ̀ títí àwọn yóò fi padà délé. Ìbúra bẹ́ẹ̀ dùn létí. Bí òde náà bá jẹ́ ti wákàtí méjì, kò ṣòro láti mú un ṣẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta tàbí ọjọ́ márùn-ún, nínú pápá tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń sùn sí tí wọ́n sì ń jí sí, ìbúra náà a máa di ẹrù wúwo lọ́rùn àwọn tí ó bú u. Irú òde bẹ́ẹ̀ ni àjọ̀dún orin tí wọ́n máa ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní àwọn ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn ní àkókò ooru. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ tí ó bá ń lọ síbẹ̀ bi ara rẹ̀ ni èyí: kí ni ojúṣe ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ní irú ibẹ̀?

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn púpọ̀ nínú àwọn àjọ̀dún wọ̀nyí ni ti Glastonbury. Nítòsí abúlé Pilton, ní àgbègbè Somerset, ni wọ́n ti ń ṣe é, lórí ilẹ̀ oko kan tí a ń pè ní Worthy Farm. Michael Eavis tí ó dá a sílẹ̀ kì í ṣe olórin. Àgbẹ̀ ni, màlúù ni ó sì ń sìn fún wàrà. Ní ọdún 1970, òun àti Jean, tí ó di aya rẹ̀ nígbà tí ó yá, jọ lọ wo àjọ̀dún orin kan tí a fi orúkọ ìlú Bath pè. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ wọ̀ wọ́n lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí àgbẹ̀ náà fi pinnu pé òun yóò ṣe irú rẹ̀ lórí ilẹ̀ òun. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà gan-an ni ó ṣe àkọ́kọ́. Pọ́n-ùn kan ni owó ìwọlé, ẹni tí ó bá sì san án lè mu wàrà oko náà lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan bí 1,500 ènìyàn ni ó wá. Láti ìgbà náà ni àjọ̀dún yìí ti ń gbilẹ̀, àwọn tí ń péjọ síbẹ̀ lóde òní sì tó nǹkan bí 200,000. Láti Ọjọ́rú títí di ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń wà nínú pápá. Síbẹ̀, oko kò yé jẹ́ oko. Ní àwọn ọdún kan, bí irú ọdún 2018, wọn kò ṣe é rárá, kí ilẹ̀ lè sinmi, kí koríko sì lè hù dáadáa fún àwọn màlúù tí ó ni ibẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ìrìn ènìyàn méjì ni ó bí àjọ̀dún ńlá yìí. Bóyá bí ó bá jẹ́ pé àgbẹ̀ náà dá lọ ni, tí kò sì rí ẹni bá sọ ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà bí wọ́n ti ń bọ̀, èrò náà ìbá ti tutù kí ó tó délé. Èyí ni àkọ́kọ́ nínú àwọn àǹfààní ọ̀rẹ́: òun ni ó ń jẹ́ kí ohun tí a rí máa gbóná lọ́kàn wa títí a ó fi lè lò ó.

Ẹni tí ó bá dé Glastonbury lóde òní yóò rí i pé ìlú ni pápá náà ń dà fún ìwọ̀nba ọjọ́. Àgọ́ tò lọ bẹẹrẹ bí ojú ti lè rí i mọ. Àwọn olóúnjẹ wà, àwọn oníṣègùn wà, àwọn tí ń tọ́ èrò sọ́nà wà, ìlà gígùn sì wà níwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní òwúrọ̀. Ìtàgé tí ó tóbi jù ni èyí tí wọ́n ṣe ní àwòrán ibojì àwọn ọba Íjíbítì ìgbàanì; ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ irú rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtàgé mìíràn wà káàkiri, ńlá àti kékeré, orin a sì máa lọ lórí púpọ̀ nínú wọn ní àsìkò kan náà. Kò sí ẹ̀dá kan tí ó lè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá yan ọ̀kan ti fi mẹ́wàá sílẹ̀. Láti inú yíyàn yìí ni gbogbo ìṣòro ọ̀rẹ́ méjì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe àwọn gbajúmọ̀ nìkan ni ó sì ń kọrin níbẹ̀. Láti bí ọdún 1976 síwájú ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olórin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí i pé kò di dandan kí àwọn dúró de ilé-iṣẹ́ ńlá kí àwo orin àwọn tó lè jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí ó dá dúró dìde, wọ́n sì ń gbé àwo jáde fún ẹni tí àwọn ńlá kò kà sí. Ọ̀kan nínú wọn ni Rough Trade, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀ àwo orin ní London ní ọdún 1976, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo tirẹ̀ jáde ní ọdún 1978. Orin tí ó ti ọwọ́ irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde pọ̀ lórí àwọn ìtàgé Glastonbury, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ a sì máa rin ìrìn-àjò jíjìn nítorí olórin kan ṣoṣo tí aládùúgbò wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ọdún 1984 fi hàn bí àyà àjọ̀dún náà ti gbòòrò tó. Ní ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀, King Sunny Adé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi jùjú dá wọn lára yá níbẹ̀. Ní 1984, Fela Aníkúlápó-Kútì, ọmọ Abẹ́òkúta, kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ wá. Ní ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ Smiths ti ìlú Manchester kọrin níbẹ̀, àwọn tí ó jẹ́ pé Rough Trade ni ó ń gbé àwo wọn jáde. Orin Smiths kì í sábà pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Gìtá a dún, ọ̀rọ̀ a jáde, ó ti parí. Ní ti Fela, ogún ìṣẹ́jú lè kọjá lórí orin kan ṣoṣo. Ìlù àti fèrè yóò ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu tó bẹ̀rẹ̀. Etí tí ó fẹ́ràn èkíní lè má ní sùúrù fún èkejì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ méjì lè fẹ́ràn ara wọn dọ́kàn, kí etí wọn má sì bára mu.

Àwọn kan gbà pé ọ̀rẹ́ tòótọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ rárá. Wọ́n ní àwọn tí ó bá jọ wá gbọ́dọ̀ jọ rìn, kí wọ́n jọ jẹun, kí wọ́n sì jọ gbọ́ orin kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí dára lójú ẹni tí kò tíì dán an wò. Ká sọ pé ọ̀rẹ́ kìíní fẹ́ràn ìlù tí ń pẹ́ kí ó tó gbóná, tí ọ̀rẹ́ kejì sì fẹ́ràn onígìtá tí ń kọrin bí ẹni tí ń dá sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, olórin méjèèjì bọ́ sí àsìkò kan náà, lórí ìtàgé méjì tí ó jìnnà sí ara wọn. Bí wọ́n bá jọ lọ síbi tí èkíní fẹ́, èkejì yóò dúró bí ẹran tí a so mọ́ èèkàn. Ara rẹ̀ yóò wà níwájú onílù, ọkàn rẹ̀ yóò wà lọ́dọ̀ onígìtá. Kò ní jó, kò ní gberin, aago ni yóò máa wò. Èkíní yóò sì rí i, ayọ̀ tirẹ̀ náà yóò dínkù. Bí wọ́n bá wá pinnu láti fi ibi méjèèjì sílẹ̀, kí wọ́n lọ síbi kẹta tí kò wu ẹnikẹ́ni nínú wọn, àwọn méjèèjì ti pàdánù nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a lè gbàgbé rẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàrin ọjọ́ mẹ́ta, ìbínú tí kò ní orúkọ a wọ àárín ọ̀rẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í jà nítorí ẹni tí ó mu omi tán, tàbí ẹni tí ó fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ àgọ́. Ọ̀rọ̀ omi kọ́, ọ̀rọ̀ bàtà sì kọ́. Orin tí ẹnì kan fi sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀ ní àná ni ó ń jà. Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn méjèèjì jọ ń bọ̀ wá sí ọjà kan náà. Kò sí òfin tí ó ní kí wọ́n gba ẹnubodè kan náà wọ̀ ọ́.

Àwọn mìíràn gbọ́ èyí, wọ́n sì ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí olúkúlùkù kúkú dá lọ. Wọ́n ní ẹni tí ó bá dá rìn ni yóò rìn bí ó ti wù ú. Òtítọ́ wà nínú èyí náà, ṣùgbọ́n òtítọ́ ti ọ̀sán ni. Òru ń bọ̀, òjò sì ń bọ̀. Ní ọdún 1997 àti ọdún 1998, ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ Glastonbury dà látòkè délẹ̀. Ní ọdún 2005, ìjì òjò kan rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, omi sì bo ọ̀pọ̀ àgọ́ pẹ̀lú ẹrù tí ó wà nínú wọn. Ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò di etí kejì aṣọ àgọ́ mú fún ẹni tí ó dá wá? Bí ibà bá mú un, ta ni yóò mọ̀ pé kò jáde láti àná? Bí ó bá gbọ́ orin kan tí ó mú kí omi bọ́ lójú rẹ̀, ta ni yóò sọ fún ní alẹ́? Ẹni tí ó dá lọ ní òmìnira, ṣùgbọ́n kò ní ẹlẹ́rìí.

Àárín èrò méjèèjì yìí ni òtítọ́ wà. Ojúṣe ọ̀rẹ́ níbi àjọ̀dún orin pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé kí ó yọ̀ǹda ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó sì fi inú dídùn ṣe é, láìfa ojú ro. Èkejì ni pé kí ó wà níbi àdéhùn ní àkókò àdéhùn. Ẹni tí ó bá ṣe èkíní nìkan kò yàtọ̀ sí àjèjì. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣe èkejì láìṣe èkíní ti sọ ara rẹ̀ di ẹ̀wọ̀n.

Nínú ojúṣe méjèèjì, ti àdéhùn ni ó le jù, nítorí náà ó gba ọgbọ́n. Kí wọ́n tó pínyà rárá ni kí wọ́n ti yan ibi ìpàdé. Kí wọ́n má ṣe sọ pé iwájú ìtàgé ńlá ni àwọn yóò ti rí ara àwọn, nítorí ẹgbẹẹgbàárùn-ún ènìyàn ni yóò wà níbẹ̀. Kí wọ́n má sì fi ọkàn tán àsíá gíga tí àwọn èrò máa ń gbé lórí ọ̀pá kí ẹgbẹ́ wọn lè rí wọn lókèèrè. Ẹni tí ó gbé àsíá náà ní ẹsẹ̀, ó sì lè gbé e lọ síbòmíràn. Ohun tí kò lè ṣí nípò ni kí wọ́n yàn: igi ńlá kan, ẹnubodè kan, tàbí àgọ́ àwọn oníṣègùn. Kí wọ́n dá agogo, kí wọ́n sì dá agogo kejì bí ti àkọ́kọ́ bá yẹ̀. Bí méjèèjì bá yẹ̀, kí wọ́n ti mọ̀ pé àgọ́ tí àwọn ń sùn sí ni àwọn yóò padà sí. Ẹlòmíràn yóò ní fóònù alágbèéká ti mú kí gbogbo èyí di iṣẹ́ àṣedànù. Fóònù wúlò, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ a máa kú ní ọjọ́ kejì, òjò a máa wọ̀ ọ́, ọ̀nà ìpè sì lè dí nígbà tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn bá ń pè lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí a ti fi ẹnu sọ tí a sì fi sọ́kàn kò nílò iná.

Níbi àdéhùn yìí gan-an ni a ti ń mọ ọ̀rẹ́. Olórin tí ènìyàn fẹ́ràn jù wà lórí ìtàgé. Orin tí ó ti ń retí láti ọdún tí ó kọjá kù sí ẹ̀yìn. Agogo sì ti kù díẹ̀ kí ó lù. Láti ibi tí ó dúró sí dé ibi igi àdéhùn, ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni nínú èrò. Kò sí ẹni tí yóò nà án bí ó bá dúró gbọ́ orin tí ó kù. Síbẹ̀, ẹnì kan dúró sábẹ́ igi kan nínú òkùnkùn, ó ń wo ojú gbogbo ẹni tí ń kọjá. Ẹni tí ó bá lè yí ẹ̀yìn padà sí orin dídùn ní irú wákàtí yẹn ti fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ohun tí owó tíkẹ́ẹ̀tì kò lè rà.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Roskilde, ní ilẹ̀ Denmark. Àjọ̀dún orin tí ó wà níbẹ̀ lókìkí ní gbogbo Yúróòpù. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama méjì wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1971, àwọn tí ń fi ara wọn jìn láìgba owó ni ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2000, nígbà tí ẹgbẹ́ Pearl Jam láti Amẹ́ríkà ń kọrin lọ́wọ́, èrò tì wá síwájú, ilẹ̀ sì ti rin fún òjò. Àwọn kan ṣubú níwájú ìtàgé, àwọn mìíràn ṣubú lé wọn, ariwo orin kò sì jẹ́ kí a tètè gbọ́ igbe wọn. Olórin náà bẹ èrò kí wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n sì dá orin dúró. Ó ti pẹ́ jù. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́sàn-án ni ó kú. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 17, èyí tí ó dàgbà jù sì jẹ́ ọmọ ọdún 26. Láti Denmark, Sweden, Jámánì, Netherlands àti Australia ni wọ́n ti wá gbọ́ orin.

Kò sí ẹni tí ó lè di ẹ̀bi ru àwọn tí ó kú. Agbára ènìyàn kan tàbí méjì kò sì lè dá irú èrò bẹ́ẹ̀ dúró. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn alákòóso Roskilde fi irin pín iwájú ìtàgé sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, kí iye tí ó yẹ nìkan lè máa wọ ibẹ̀. Wọ́n sì gbin igi mẹ́sàn-án fún ìrántí. Iṣẹ́ àwọn alákòóso ni èyí, ó sì tọ́ kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún ọ̀rẹ́ pẹ̀lú. Èrò kò ní ojú. Ó lè tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀ láìmọ̀ pé òun tẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ ní ojú. Ẹni tí ó mọ ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, tí ó mọ irú aṣọ tí ó wọ̀, tí ó sì mọ agogo tí ó yẹ kí ó padà, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kò dọ́gba, òun ni yóò sì sáré lọ bá àwọn oníṣẹ́ ìtọ́jú.

Wọ́n lè ní àwọn alámòójútó wà fún irú èyí. Lóòótọ́ ni wọ́n wà. Láti ọdún 2007, àwòrán ojú ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì Glastonbury ni ó ń wà lórí rẹ̀, nítorí náà àwọn tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ̀ pé ẹni náà ti wọlé. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ bóyá ó ti padà sí àgọ́ rẹ̀ ní agogo kan òru. Àwọn òbí náà a máa bẹ̀rù, wọn a ní kí ọmọ wọn má ṣe kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rù wọn kò burú, ṣùgbọ́n àwọn méjì tí ó dì mọ́ ara wọn láàrin èrò lè jọ ṣubú pọ̀. Ohun tí ó yẹ kí òbí béèrè kí ọmọ tó jáde nílé ni pé: níbo ni ẹ ti ṣe àdéhùn láti pàdé, agogo mélòó sì ni?

Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì bá ṣe bí ó ti yẹ, èrè wọn ń di ìlọ́po méjì. Ní alẹ́, wọn a jókòó sí ẹnu àgọ́ pẹ̀lú bàtà rọ́bà tí ẹrẹ̀ bò, wọn a pín búrẹ́dì tí ó kù, èkíní a sọ ti onílù, èkejì a sì sọ ti onígìtá. Etí mẹ́rin ti gbọ́ ohun tí etí méjì kì bá tí lè gbọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, àjọ̀dún náà yóò sì parí, wọn yóò tú àgọ́, àwọn màlúù yóò padà sórí koríko wọn. Orúkọ ọ̀pọ̀ olórin yóò sá kúrò lórí ẹni kí ọdún tó yí po. Ohun tí kò ní sá ni ìrántí ẹni tí ó fi orin tí ó fẹ́ràn sílẹ̀, tí ó la inú èrò kọjá, tí a sì bá a lábẹ́ igi nígbà tí agogo lù.